Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ Ní Èdè Ìkẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí mo sọ ara mi di olùkọ́ èdè fún àwọn onífíìmù, títí ayé ni yóò máa wà lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ni mò ń dorí kodò. Àwọn tó jókòó tì mí á rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Àdúrà kọ́ o, ìtìjú ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́n ìwọ̀nba tí mo gbọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi padà wá sílé lẹ́yìn tí mo ti di bàbá ọlọ́mọ. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń sọ èdè wọn, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá mirí, èmi náà á mi tèmi. Ohun tí mo dì mú nínú èdè bàbá mi kò ju pé ilé ń jẹ́ ulé, iṣu ń jẹ́ uṣu. Mo rò pé ó parí síbẹ̀ náà ni.

Àfi bí àwọn onífíìmù ṣe dé láti Èkó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fíìmù alápá púpọ̀ nípa ìdílé Èkìtì kan, pé àwọn yóò sì fi ṣe ìdàgbàsókè ẹ̀bùn ìbílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè kọ́ṣẹ́ eré ṣíṣe, kámẹ́rà gbígbé àti ojú òṣèré kíkùn, kí wọ́n má baà máa sá lọ sí Èkó mọ́. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu aláwàdà! Wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọ̀gá dáríkítọ̀ wọlé tòun ti awò dúdú lójú, ó ní kí gbogbo wa dìde, kí a máa mí bí igi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bí igi. Bàbá àgbẹ̀ kan tó sin ọmọ rẹ̀ wá láti Ògòtún rọra bi mí pé, "Ṣé igi ń mí ni?" Mo ní kí wọ́n dákẹ́, pé ìmọ̀ ni. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi parí, ẹ̀bùn ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó dàgbà sókè lára àwọn ọmọ wa ni bí wọ́n ṣe ń gbé agbòòrùn lé dáríkítọ̀ lórí.

Èmi nìkan ni mo rí ipò gbà. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn òṣèré ní ojúlówó èdè Ìkẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ti wà lókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Káàdì tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ló wọ̀ mí lójú, kí n má purọ́. Kò sẹ́ni tó dán mi wò. Mo wọ bàtà tó ń dán, mo sì ń fọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ti tó wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Bọ́sẹ̀dé, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí i sí, kò gbé ìlú mìíràn rí. Wọ́n fún un ní ipa ẹ̀gbọ́n tó ń bá Ísírẹ́lì àbúrò rẹ̀ jà nítorí pé àbúrò yìí ta ilé bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n dáríkítọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé bó bá ṣe é dáadáa, yóò bá fíìmù náà dé òpin. Bí kò bá ṣe é dáadáa, òṣèré kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó ti wà lábẹ́ kánópì, tó ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Láti kékeré ni Bọ́sẹ̀dé ti ń fẹ́ ṣeré. Ó ní òun ò tíì rí irú àǹfààní yìí rí, òun ò sì mọ̀ bóyá òun tún máa rí i.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Kò jọ ohun tí mo mọ̀.

"Rárá o," mo ní. "Fi Èkìtì sí i."

"Bùrọ̀dá, kí wá ni mò ń sọ?"

"Tilé nìyẹn. Ti fíìmù ni mò ń wí."

Ẹ ò rí ayé mi! Mo mú bírò, mo fi u rọ́pò i níwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti fi i bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí i tán, mo kọjú sí àwọn yòókù. Àbúrò di ùbúrò. Bàbá di ubàbá. Ísírẹ́lì, orúkọ inú Bíbélì tí kò ṣẹ̀ mí, di Ùsírẹ́lì. Bọ́sẹ̀dé wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ṣùgbọ́n mo jù ú lọ, káàdì sì wà lọ́rùn mi, ló bá kọ́ ọ sórí.

Ọjọ́ tí a máa yà á pé, gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Dáríkítọ̀ ké "Ákíṣọ̀n!" Bọ́sẹ̀dé na ìka sí àbúrò rẹ̀, omi ti lé ròrò sí i lójú:

"Ùsírẹ́lì ùbúrò mi! O ta ulé ubàbá wa!"

Ẹnì kan wá béèrè lẹ́yìn pé, "Ubàbá kẹ̀?" Ẹ̀rín bú sáyé. Ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Ẹni tó ń ṣe Ísírẹ́lì pàápàá kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Dáríkítọ̀ ti yọ awò ojú.

Bàbá àgbàlagbà kan dá a lóhùn. "Ẹ má bínú sí wa. A ò mọ èdè tí ọmọ wa ń sọ ni. Ṣé Faransé ni?"

Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá náà fi èdè Ìkẹ́rẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó gùn díẹ̀. Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe: mo rẹ́rìn-ín, mo mirí.

"Mo bi í pé ta ni bàbá rẹ̀ ni o," ni bàbá sọ fún dáríkítọ̀.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Dáríkítọ̀ juwọ́ sí òṣèré Èkó pé kó máa bọ̀ wá gba ipa. Ìyẹn dìde, ó ń tún irun ṣe. Bọ́sẹ̀dé rí i, ó yíjú sí mi, ó sì fi èdè Ìkẹ́rẹ́ bú mi.

Háà! Èébú! N kò lè kọ ọ́ síbí, torí n kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ umú, mo fọwọ́ kan imú mi. Mo bi ọkùnrin tó dúró tì mí pé kí ló sọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ó ní imú yín jọ ti ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ilé onílé. Ó tún sọ ọ̀kan nípa orí yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

Dáríkítọ̀ fò sókè. "Ohùn tí mò ń wá nìyí! Ẹ padà sídìí kámẹ́rà!"

Ó ní kí Bọ́sẹ̀dé pe orúkọ Ísírẹ́lì, kó sọ ọ̀rọ̀ fíìmù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, kó sì kó gbogbo èébú yẹn tẹ̀ lé e. Bọ́sẹ̀dé gbìyànjú, inú ò bí i mọ́. Ni wọ́n bá ní kí n lọ dúró níbi tí Ísírẹ́lì dúró sí, kí n kẹ́yìn sí kámẹ́rà. Ó bú mi. Wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún bú mi. Wọ́n sún un mọ́ ọn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Dáríkítọ̀ wà lábẹ́ agbòòrùn, èmi wà lábẹ́ èébú. Nígbà tó rẹ ọmọbìnrin náà, tó ń rẹ́rìn-ín, dáríkítọ̀ ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ múnú bí i." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wúkọ́, mo ní, "Bọ́sẹ̀dé, ubàbá ni o, kì í ṣe bàbá." Iná ràn lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n fi fíìmù náà hàn nílùú. Bọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀ dé òpin, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un títí, wọ́n sì ti ń pè é sí fíìmù mìíràn. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi: "Bàbá Tóbi, ṣé ìpàkọ́ yín kọ́ nìyẹn?" Ìpàkọ́ mi ni. Orúkọ mi ò sí níbì kankan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè, kó pa ẹnu rẹ̀ dé, kó lọ kọ́ ọ. Mo ti lọ bẹ Bọ́sẹ̀dé. Ó ń kọ́ mi báyìí, ó sì ń na tábìlì bí mo bá ṣì í. Níjọ́ kan, mo ní kó túmọ̀ ìdajì èébú tí n kò gbọ́ fún mi, títí kan ti orí. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní àgbà ni mí. Nígbà tó wá sọ ọ́ tán, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.