Mo-Dá-a-Ṣe àti Ìṣó Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Mo-Dá-a-Ṣe, a-rí-kànga-lẹ́yìnkùlé-gbẹ́-tuntun, a-rí-ọkọ̀-fẹsẹ̀-rìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ yìí níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àmọ́ bó bá ta sí i létí, ńṣe ni inú rẹ̀ ń dùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo-Dá-a-Ṣe ní tòun, ọwọ́ òun nìkan ti tó àyà òun.

Èdè kọ̀ǹpútà kì í wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti di àpótí irinṣẹ́ fún un: èyí tó ń wá ọ̀rọ̀, èyí tó ń ka lẹ́tà, èyí tó ń to orúkọ látorí ẹni tó ga jù. Àbínibí ni wọ́n ń pè wọ́n níléeṣẹ́ náà, torí inú èdè náà ni wọ́n bí wọn sí. O pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ parí. Ọlọ́gbọ́n tó ti dán wọn wò pọ̀ ju irun orí lọ.

Mo-Dá-a-Ṣe kà wọ́n sí èèwọ̀. “Àbínibí fún àwọn ọ̀lẹ ni,” ló máa ń wí. “Ẹ lo tèmi.”

Lọ́dọọdún, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìbò yan òṣìṣẹ́ tó dára jù, wọ́n á sì gbé fọ́tò onítọ̀hún kọ́ sẹ́nu ọ̀nà títí ọdún á fi yí po. Fọ́tò yìí ń pa Mo-Dá-a-Ṣe bí òùngbẹ. Kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ya tirẹ̀, ó ti fi férémù sí i, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tó rí férémù náà nílé, “ṣé wọ́n ti dìbò ni?”

“Kí ni ìbò fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀?”

Òun náà ló ní òun máa kọ ètò tí yóò to orúkọ bí ìbò ṣe pọ̀ sí, kí ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó ṣe é báyìí: iye ìbò kọ̀ọ̀kan ní àga kan, ẹni tó bá ní iye náà á lọ jókòó síbẹ̀. Igbákejì rẹ̀ obìnrin wò ó títí.

“Ọ̀gá, tí ìbò ẹni méjì bá dọ́gba ńkọ́? Ẹni tó dé kẹ́yìn á lé ẹni àkọ́kọ́ kúrò o. Àbínibí kì í lé ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.”

“Ta ló fẹ́ bá mi dọ́gba? Àbí ìwọ?”

Igbákejì lọ fi omi tútù panu.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Màmá tó ni iléeṣẹ́ jókòó níwájú. Mo-Dá-a-Ṣe gba makirofóònù, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe kó gún régé.

“Màmá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi nìkan ni mo kọ ètò yìí. Kò sí àyè ìdọ́gba nínú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè bá mi dọ́gba.”

Ó tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ yọ lára ògiri. Ẹni àkọ́kọ́: Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́, tó máa ń gbé agbòjò pàdé gbogbo ènìyàn bí òjò bá ń rọ̀. Mo-Dá-a-Ṣe wo ipò kejì, kò sí níbẹ̀. Ó wá ara rẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, àní akẹ́kọ̀ọ́ tó dé lánàá wà níbẹ̀. Ló bá pariwo:

“Irọ́ ni ètò yìí ń pa!”

“Ta ló kọ ọ́?” Màmá béèrè.

Mo-Dá-a-Ṣe wo ògiri, ó wo Màmá. Bó bá ní ètò náà dáa, òun ò sí nínú òṣìṣẹ́. Bó bá ní kò dáa, òun náà ló kọ ọ́. Ó yíjú sí igbákejì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ... ẹ lo àbínibí.”

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Igbákejì tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, orúkọ tún ara wọn tò. Mo-Dá-a-Ṣe àti Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ló wà lókè, ìbò wọn ṣe déédéé.

“Ó ti yọ!” ni Mo-Dá-a-Ṣe wí. “A jọ gbà á nìyẹn.”

Màmá mi orí. “Ìwọ lo sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé kò sẹ́ni tó lè bá ọ dọ́gba. A ti gbà. Torí náà, Bàbá nìkan ló gbà á.”

Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà dìde, ojú ń tì í. “Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti jókòó síbẹ̀.”

Fọ́tò Bàbá ló wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Láràárọ̀, Mo-Dá-a-Ṣe á kí Bàbá tó dúró, á sì kọjá lábẹ́ Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri. Ìṣó tí Mo-Dá-a-Ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló gbé fọ́tò náà dúró, kò mì rárá. Nínú gbogbo ohun tó dá ṣe lọ́dún náà, ìṣó náà nìkan ló dúró.