Yímíyímí Dáúdù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá jowú yímíyímí, imí ni yóò gbé wálé? Ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì bo imú.

Láníyọnu lorúkọ ọkùnrin náà. Dáúdù tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kéré sí i lọ́jọ́ orí, àmọ́ bí iṣu Dáúdù bá ta, Láníyọnu ni inú máa ń run. Bí Dáúdù bá sín, òun náà á fi ata símú kó lè sín jù ú lọ.

Ni obìnrin kan bá dé láti yunifásítì. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ya àwọn yímíyímí kéékèèké sọ́tọ̀ ní ìdílé ìdílé: èyí tó ń yí imí lọ, èyí tó ń rì í mọ́lẹ̀, èyí tó ń gbé inú ẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Ó rí ọ̀kan bíńtín nínú ọgbà màlúù Dáúdù, tí ò sí irú ẹ̀ níbòmíì.

Ó ní, "Ẹni tí a bá rí i nílé ẹ̀ la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Yímíyímí Dáúdù nìyí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí Dáúdù ní Baba Yímíyímí, tó sì ń dáhùn bí ẹni jẹ oyè. Oorun dá lójú Láníyọnu.

"Àṣàkẹ́, ilé tèmi náà á ní yímíyímí."

"Kí ló fẹ́ wá ṣe níbí, baálé mi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Imí ló kù. Dáúdù nìkan ló sì ní màlúù lábúlé. Ni Láníyọnu bá ń yọ́ kó o lẹ́yìn ọgbà Dáúdù. Ó kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó dé ojú fèrèsé. Adìyẹ ilé kó lọ. Eṣinṣin pọ̀ débi pé bí ẹ bá kí i, àwọn ló ń dáhùn.

Nígbà tó yá, nǹkan bíńtín rìn jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Láníyọnu sáré pe obìnrin náà, gbogbo abúlé tẹ̀ lé wọn, kálukú di imú mú.

Obìnrin náà wò ó títí. "Bàbá, Yímíyímí Dáúdù ni. Ó ti tàn dé ilé yín nìyẹn."

"Lábẹ́ ìrọ̀rí tèmi?"

"Ibi tí imí bá ti wá lòun náà ti ń wá. Níbo lẹ ti kó o?"

Dáúdù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Láníyọnu.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi."

Àṣàkẹ́ wo ọkọ, ó wo yàrá, ó gbé ìgbálẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá jowú yímíyímí, imí ni yóò gbé wálé."