Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Gbé Ọ̀dọ̀fin Dìde Lórí Àìsàn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ìlú Òkè-Àfọ̀n fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó ń ta pósí kì í sọ fún oníbàárà pé òun ń retí rẹ̀"? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì tíì kúrò lára mi.

Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ajíbọ́yè. Pósí ló ń kàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni àwọn ará Òkè-Àfọ̀n ti ń lọ ra pósí, ṣọ́ọ̀bù Ajíbọ́yè sì ti fẹ́ kógbá sílé. Ló bá tọ Morádéyọ̀ lọ, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn tó ń ta bàtà.

"Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Morádéyọ̀ wí. "Ìkànnì tí kò bá sọ ohun tí èèyàn máa ṣe, àwòrán lásán ni. A gbọ́dọ̀ pe oníbàárà, ká pè é kíkankíkan, kó má ráyè rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Pè é bó ṣe yẹ," ni Ajíbọ́yè dáhùn. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó fi ń ta bàtà náà ló kó wá, kò yí ẹyọ kan padà! Lábẹ́ àwòrán pósí, ó kọ ọ́ pé: "Wọ̀ ọ́ wò, wàá fẹ́ràn rẹ̀. Mú ọ̀rẹ́ rẹ dání!" Ó wá fi bọ́tìnnì pupa kan sí i: "Èyí tó bá ọ mu ti wà nílẹ̀. Tètè wá, à ń retí rẹ!" Ó ní ẹni tó bá ra méjì, ẹ̀kẹta di ọ̀fẹ́. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀kẹta ta ni?

Ní Òkè-Àfọ̀n, bí ọmọ ìlú bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀ranyàn ni kí àwọn àgbà lọ kí i. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Ajíbọ́yè ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí ayélujára, wọ́n kí i níbẹ̀ náà. Wọn ò dúró ka ọ̀rọ̀ kankan. Ibi tí a ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n rò pé ibi ìkíni ni. Lójú ẹ̀rọ, àgbà mẹ́tàdínlógójì ti béèrè pósí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ tí Morádéyọ̀ ti kọ sínú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù wọn. Ìyálóde ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún: "Ìyálóde, a rí i pé o kò tíì wá. Kí ló ń dá ọ dúró?"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi? Kí ló ń dá mi dúró? Ta ló ń bi mí?"

Ti Olórí Ọdẹ tún le: "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti gba tiwọn. Ìwọ ńkọ́?" Ọkùnrin tí kì í sá fún ẹkùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

Olóyè Ọ̀dọ̀fin ní tirẹ̀ ti wà lórí àìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kò lè gbé orí. Wọ́n ka tirẹ̀, tó wá láti ṣọ́ọ̀bù Ajíbọ́yè, sí i létí: "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré! Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá rẹ."

Ọ̀dọ̀fin fò sókè, ó ké sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Adéṣọ̀kàn! Bàtà mi dà?"

"Bàbá, dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ dìde."

"Dókítà ò dá ọjọ́ fún mi. Ajíbọ́yè ló dá a!"

Òun ló ṣáájú, ìlú tẹ̀ lé e. Ajíbọ́yè rí èrò lọ́ọ̀ọ́kán, inú rẹ̀ dùn, ó fa okùn ìwọ̀n yọ. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àgbà! Ta ni ká kọ́kọ́ wọ̀n?"

Ọ̀dọ̀fin na fóònù sí i. Ajíbọ́yè kà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, bàbá. N kò kà á kí wọ́n tó gbé e síta."

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí o tó ní kí ẹnìkan ṣe nǹkan, kọ́kọ́ jókòó síbi tó jókòó sí, kí o gbọ́ ọ bí òun yóò ṣe gbọ́ ọ.

"Ṣùgbọ́n bàbá," ni Morádéyọ̀ wí láti ẹ̀yìn Ajíbọ́yè, "ọ̀rọ̀ yìí ta bàtà gan-an o."

"Ẹni tó ra bàtà ń padà wá ra òmíràn," ni Ọ̀dọ̀fin dáhùn. "Ẹni tó wọ tibí yìí, o ti pàdé rẹ̀ rí?"

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ òmíràn: "Bí ọ̀rọ̀ bá dé bá yín, ẹ pè wá. A ó bá yín gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Ó dára, ó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn àgbà ti búra pé àwọn ò ní kú fún Ajíbọ́yè. Ìyálóde jáwọ́ nínú iyọ̀. Bàbá àádọ́rùn-ún ọdún kan tó ti dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ tún pè wọ́n padà: "Mo ti yí ọkàn padà." Odindi ọdún kan, pósí kan ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí Ajíbọ́yè ru àdá àti ọkọ́ lọ sóko, ta ló bá tó ń kọ ebè lẹ́bàá ọ̀nà? Ọ̀dọ̀fin!

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ara yín mà ti le o."

Ọ̀dọ̀fin nàró, ó nu òógùn. "Ó le, ọmọ mi. Àbí o ṣì ń retí mi ni?"

Ajíbọ́yè fẹsẹ̀ fẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe oníbàárà, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń ta pósí kì í sọ fún oníbàárà pé òun ń retí rẹ̀.