Ọbẹ̀ Oníwáìnì Tó Kọ Iná

Ìtàn mi gbéra ńlẹ̀, kò yà sígbó, kò yà sódò, ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ló gbà lọ tààrà. Ó bá ọ̀gá alásè kan níbẹ̀, tí fìlà funfun rẹ̀ ga ju làákàyè rẹ̀ lọ.

Tọ́ọwò-Yó là ń pè é lẹ́yìn. Àjànàkú tí í mi ìkòkò kìjikìji! Bó bá ń bọ̀, ikùn ni yóò kọ́kọ́ dé, òun á wá tẹ̀ lé e.

"Ọbẹ̀ tèmi," ni yóò máa wí, "wáìnì alágbára ni mo fi ń sè é, èyí tí wọ́n bu ọtí líle lé kó tó wọ ìgò. Ẹ ṣáná sí i, á gbiná lala!"

Irọ́ funfun báláú! Wáìnì ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Tíì dúdú, ṣúgà jíjó àti fínígà ló ń rọ sínú ìgò rẹ̀, ìyẹn ló ń wọ ìkòkò. Ológbò tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹja, ṣé ẹja ni yóò ṣọ́ ni, àbí ikùn ara rẹ̀?

Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú sọ́bẹ̀, ó nàka sí ìyá tó ń fọ abọ́. "Kì í ṣan ọṣẹ kúrò lára ìkòkò!"

Màdáámù tó nilé oúnjẹ gbà á gbọ́. Ó ní kí ìyá afọbọ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, opó ni ìyá yìí, ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí jẹ.

Kò sunkún. Ó bọ́ sáàárín àwọn oníbàárà. "Màdáámù, ṣebí ọ̀gá ní wáìnì àwọn ń gbiná? Kó dà á síkòkò gbígbóná lójú gbogbo wa, kó ṣáná sí i. Bó bá gbiná, mo ti lọ."

"Dà á! Dà á!" ni àwọn oníbàárà ń wí.

Tọ́ọwò-Yó da ohun tó wà nínú ìgò síkòkò. Ó ṣáná, ó kú: ṣìì! Ó ṣá èkejì: ṣìì! Ẹ̀kẹta ń jó o níka lọ́wọ́, ó ní, "Ìṣáná yìí ló tutù."

"Tèmi ò tutù," ni ìyá wí. Ó ṣá a, ó gbé e lọ síbi ẹnu ọ̀gá. "Ẹ yanu, ọ̀gá, ká wá wáìnì yẹn débi tó lọ."

Ọ̀gá fò sẹ́yìn, ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Ẹ má ṣe é! Ìgò kan àbọ̀ ni mo mu láàárọ̀ yìí! Ẹ fẹ́ kí n gbiná ni?"

Ẹ̀rín bú.

Màdáámù ṣí fìlà lórí ọ̀gá, ó gbé kànrìnkàn lé e lọ́wọ́. "Abọ́ ń dúró dè ọ́. Ìyá, ẹ wá sídìí ìkòkò."

Títí dòní, oníbàárà tó bá fẹ́ mu sìgá, ìdí abọ́ fífọ̀ ló ń gbà lọ. Á kúnlẹ̀ wọ́ọ́, á na sìgá síwájú: "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mí sí i."