Wọ́n Ti Gbà Á

Yìnyín ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà níwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Alder Falls, ní Minnesota. Marlys Tveit, olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n ń sanwó fún ní kíláàsì-kíláàsì, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ìbọ̀wọ́ méjì ló wọ̀ léra wọn, torí ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ rẹ̀ móoru ti kú. Ó bá Duane Ostby, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò, níbi tó ti ń bu kọfí.

"Marlys! Ìròyìn ayọ̀! Àbá àfikún owó tí gbogbo olùkọ́ dìbò fún, ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbà á lánàá."

Marlys bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó jù ú sókè. "Wọ́n gbà á! Ọ̀gá Duane, ẹ jẹ́ n dì mọ́ yín!"

"Rọra, kọfí gbóná. Wọ́n gbà á, wọ́n tiẹ̀ tún dúpẹ́."

"Àwọn ló ń dúpẹ́? Èmi ló yẹ kó dúpẹ́! Òní yìí ni mò ń tún ọkọ̀ mi ṣe. Ìgbà wo lowó ń wọlé?"

"Owó wo?"

"Èyí tí wọ́n gbà."

"Wọn ò gba owó kankan. Àbá ni wọ́n gbà."

"Àbá owó náà ni mò ń sọ. Ṣé wọ́n gbà á àbí wọn ò gbà á?"

"Wọ́n gbà á," ni Duane wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Alága nawọ́, ó gba ìwé náà, ó fi ife omi rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn ò kàn gbà ni."

"Wọ́n gbà á, wọn ò gbà."

"Ó ti ń yé ọ!"

"Ṣebí ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé a jọ ń pinnu ni?"

"A jọ ń sọ ọ́ ni. Ẹ sọ tiyín, wọ́n sọ tiwọn, wọ́n wá ṣe tiwọn."

"Kí la wá jọ ṣe níbẹ̀?"

"A jọ jẹun níbi ìpàdé! Ta ló bu ọ̀dùnkún àti ẹran inú páànù yẹn lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ sì dìbò yan àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì."

"Búlúù la yàn."

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀. Àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́ ni kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀.

Duane húkọ́. "Àmọ́ ìgbìmọ̀ ní àwọn máa fi kún ọ̀wọ̀ yín."

"Owó?"

"Ọ̀wọ̀."

"Ọwọ̀? Ṣé àwa náà la ó tún máa gbálẹ̀ ni?"

"Ọ̀wọ̀! Iyì! Wọ́n ń ṣe báàjì tó ní orúkọ fún gbogbo yín."

"Ṣé báàjì ń mú ọkọ̀ móoru?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Marlys gan-an. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló ń fi ọkọ̀ tútù yẹn sáré dé lọ́sẹ̀, kó tó lè san owó ilé. Duane ò tiẹ̀ wojú rẹ̀, ó ti fa ìwé áljẹ́brà ńlá kan àti kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Ó ku nǹkan kékeré kan. Gunderson tó ń kọ́ wọn ní áljẹ́brà ti sá òtútù lọ sí Arizona, ó ní òun ò bọ̀ mọ́. Kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, ní Mọ́ńdè ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá rẹ́ni, èmi ni wọ́n máa ní kí n kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti dọ̀gá ni ìṣirò ti fò kúrò lórí mi. Jọ̀ọ́, Marlys, gbà á."

Marlys nawọ́, ó gba ìwé, ó gba kọ́kọ́rọ́. "Mo gbà á, ọ̀gá. Mo tiẹ̀ tún dúpẹ́."

"Háà! O gbà mí!"

Marlys gbé ìwé náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e, ó rọra gba ife kọfí lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó kọjú sílẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ? O ní o gbà á!"

"Mo gbà á, ọ̀gá. Mi ò kàn gbà ni. Ẹ má gbàgbé báàjì yín ní Mọ́ńdè o."