Òòyà Ìfẹ́ Moshood

Moshood ọ̀rẹ́ mi ra òòyà pupa kan ní Onípanu, ó fi ọ̀rá dídán wé e, ó ní òun fẹ́ fi dẹnu ìfẹ́ kọ Munirat ní Fọlá Àgoro.

Òòyà kẹ̀?

Ó ní ojú mi ò tíì là. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ìwé ìtàn àtijọ́ tí wọ́n fi dá wa lóró ní sẹ́kọ́ńdírì ni? Òòyà ṣáà ni ọkùnrin inú ẹ̀ fún ọmọge ní orí kìíní.

"Àmì ìfẹ́ ni!"

"Moshood, ṣé o ka ìwé yẹn tán?"

"Ta ló ráyè? Mo ka orí kìíní dáadáa."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ fún mi lọ́rùn! Òòyà ìwé yẹn kì í dúró sójú kan. Ní orí kìíní, ìfẹ́ ni. Láàárín ìwé, eyín ẹ̀ kán, ó di ìjà. Nígbà tó máa fi parí, ọkùnrin yẹn gbé e fún ọmọge náà, tó ti di ìyàwó ẹ̀: kí kálukú yà, kó máa lọ.

Iwájú ilé Munirat la ti ń sọ ọ́; kí n tó la ẹnu, ó ti kan ilẹ̀kùn wọn.

Gbà-gbà-gbà!

Munirat jáde, ó fa ọ̀rá ya, fàà! Ó wo òòyà, ó wo Moshood.

"A ò tíì fẹ́ra, o ti kọ̀ mí sílẹ̀?"

"Rárá o! Orí kìíní ni mo wà!"

"Èmi kà á tán ní tèmi."

Ariwo yìí ló mú bàbá ẹ̀, Alhaji Ràmọ́nù, jáde. Ẹ gbà mí o! Alhaji pá kanlẹ̀. Orí wọn ń kọ mànà.

"Ta ló gbé òòyà wá sílé mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Orí ló fà á."

"Orí ta?"

"Orí kìíní dáa, sà! Orí tó kẹ́yìn ló burú!"

Alhaji rọra fọwọ́ pa àtàrí.

"Orí mi ló burú?"

"Rárá, sà! Mi ò tíì débẹ̀!"

Bàtà Alhaji fò, fìì! A sá, ó di Bàríga. Ibi tí a ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ ni fóònù Moshood ti dún. Munirat ni:

"Mo gbà. Ẹni tó lè gbé òòyà ká bàbá mi mọ́lé, akin ni."

Moshood yíjú sí mi.

"Jọ̀ọ́, orí kelòó nìyẹn wà?"