Ọjọ́ Tí Éwo Ọ̀fun Gbohùn Lẹ́nu Olùkọ́ Mọ́tò

Bí mo gbàgbé gbogbo ohun tójú mi ti rí, ti ọjọ́ tí mo pariwo "Bíréèkì!" tẹ́nìkan ò gbọ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Mọ́tò wíwà ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Festac. Ẹnu ni mo fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀fun ti kọ́kọ́ ń dùn mí, mo sì yan kápúsù fúnra mi ní kẹ́mísì kan l'Álákijà. Bára ṣe fúyẹ́ díẹ̀, mo ju ìyókù sí dúróọ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn! Ìgbà tí ọ̀fun dídùn náà padà dé, apá kan ọ̀fun ló wú, ó ń ta mí dé etí, itọ́ ò ṣeé gbé mì, ẹnu ò là tán. Síbẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Màmá Bísí ni mo fẹ́ kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ẹ̀rù títì sì ń bà wọ́n débi pé wọn ò wa mọ́tò jáde nínú kúlóòsì wọn, òpópónà kékeré tí wọ́n ń gbé, rí. Bá a ṣe ń sún mọ́ ògiri òdòdó aládùúgbò wọn, mo kígbe pé kí wọ́n tẹ bíréèkì. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó há iṣu gbígbóná sẹ́nu.

"O ní kí n kí ta ni?" Màmá bi mí. Wọ́n rí aládùúgbò náà lẹ́nu géètì, wọ́n juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, a sì wọnú òdòdó lọ gbàà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, itọ́ ló ń ṣàn sí mi láyà.

"Tíṣà, ṣé ẹkún lò ń sun ni? Òdòdó á tún hù." Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn mi. "Yéè! Ara ẹ gbóná bí ààrò! Ọsibítù là ń lọ."

Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ ń gbọ̀n.

"Ọwọ́ yìí náà? Jókòó jẹ́ẹ́."

Báyìí ni Màmá Bísí ṣe bọ́ sí títì. Wọ́n rọra ń lọ débi pé ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kọjá lára wa, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n a débẹ̀ láyọ̀.

Dókítà obìnrin kan tan iná sí mi lẹ́nu. "Éwo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèlúbèlú yín, ó ti gba ọyún. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló para pọ̀ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún dúró pẹ́, ó lè dí yín léèémí."

"Ṣé kò ní kú?" Màmá béèrè.

"Rárá, Mà. Oògùn nìkan ò tó ni. A máa fa ọyún náà jáde, ká tó fa oògùn apakòkòrò sí i lára."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á. Ó dùn mí wọra, òórùn ẹ̀ ò ṣeé sọ, àmọ́ kò pẹ́ tí itọ́ fi lọ sílẹ̀ geere. Ọpẹ́ ni mo fi omi àkọ́kọ́ tí mo gbé mì ṣe.

Ẹ gbọ́ tèmi: ẹ má yan oògùn fúnra yín, èyí tí dókítà bá sì kọ fún yín, ẹ lò ó tán, kódà bára bá ti yá. Èmi lò ó tán lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi sì padà bọ̀ sípò. Màmá Bísí náà ti gba láísẹ́ǹsì, àwọn ló ń gbé àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé ibi tí olùkọ́ àwọn ti dákẹ́ làwọn ti mọ mọ́tò wà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀rín ni mo kàn ń rín.